Bí A Ṣe Ń Ta Sẹ́ẹ̀lì Ara Jí Kí Fáírọ́ọ̀sì EBV Má Bàa Fa Jẹjẹrẹ

Ní ọdún 1963, ní Ilé Ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn, onímọ̀ nípa àrùn kan tó wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, R. J. V. Pulvertaft, bu díẹ̀ lára kókó tó wú sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọkùnrin ọmọ Nàìjíríà kan, ọmọ ọdún 11. Ó fi í sínú ìgò, ó ń fún un ní omi aṣaralóore, ó sì ń ṣọ́ ọ. Sẹ́ẹ̀lì tí a bá yọ kúrò lára èèyàn kì í pẹ́ kú. Àwọn ti ọmọ yìí kò kú. Wọ́n ń pín, wọ́n ń pọ̀, àrọ́mọdọ́mọ wọn sì wà láàyè títí dòní nínú láàbù káàkiri ayé. Raji ni wọ́n ń pè wọ́n nínú ìwé ìmọ̀. Àwọn ni sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ èèyàn àkọ́kọ́ tí wọ́n rí mú dúró láàyè láìdáwọ́dúró níta ara, àìmọye oògùn jẹjẹrẹ ni wọ́n sì ti fi wọ́n dán wò.

Orúkọ kókó tó wà lẹ́rẹ̀kẹ́ ọmọ náà ni lìmfóómà Burkitt. Jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ funfun ni, ọmọdé ló sì ń bá jà jù ní ilẹ̀ wa. Denis Burkitt, oníṣẹ́ abẹ ọmọ ilẹ̀ Ireland tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Mulago ní Kampala, ló kọ́kọ́ to ọ̀rọ̀ rẹ̀ jọ. Lọ́dún 1957 wọ́n fi ọmọ kan hàn án tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú lọ́tùn-ún lósì, lókè nísàlẹ̀. Ó kọ̀wé nípa rẹ̀ lọ́dún 1958, lẹ́yìn náà ó gbé ọkọ̀, ó ń lọ láti ilé ìwòsàn kan sí òmíràn ní ìlà oòrùn Áfíríkà, ó ń béèrè ibi tí àrùn náà wà àti ibi tí kò sí. Ibi tí ilẹ̀ ti gbóná tí òjò sì pọ̀ ló ti ń rí i. Ibẹ̀ náà ni ẹ̀fọn pọ̀ sí. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sọ́kàn, a ó padà sídìí rẹ̀.

Ní oṣù Kẹta ọdún 1961, Burkitt sọ ohun tó rí ní London. Anthony Epstein wà láàárín àwọn tó ń gbọ́ ọ, ó sì dá a lójú lójú ẹsẹ̀ pé fáírọ́ọ̀sì ló wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ègé kókó ránṣẹ́ sí i nínú bàálù láti Kampala. Lọ́dún 1964, òun, Bert Achong ọmọ Trinidad àti Yvonne Barr ọmọ Ireland kéde pé àwọn ti rí i. Nínú orúkọ Epstein àti Barr ni wọ́n ti fa EBV yọ. Fáírọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ tí a mọ̀ pé ó ń fa jẹjẹrẹ lára èèyàn nìyẹn.

Àmọ́ bí ìwádìí ṣe ń jinlẹ̀ ni ìbéèrè ńlá kan yọjú. EBV kì í ṣe àlejò. Nínú àgbàlagbà 10 láyé, ó lé ní 9 tó ní i lára, àfàìmọ̀ kí ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ yìí má wà lára wọn. Itọ́ ló ń gbé e kiri. Ní ilẹ̀ wa, ọ̀pọ̀ ọmọ ti kó o kí wọ́n tó pé ọdún 3, ìyá wọn kò sì ní rí nǹkan kan tó ju kí ara ọmọ gbóná díẹ̀ lọ. Ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, àwọn kan kì í kó o títí wọ́n á fi di ọ̀dọ́, nígbà náà ni ọ̀fun á máa dùn wọ́n, kókó ọrùn á wú, àárẹ̀ á sì mú wọn fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Werner àti Gertrude Henle, tọkọtaya onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Philadelphia, ló jádìí rẹ̀ lọ́dún 1968 pé EBV ló ń fà á, lẹ́yìn tí àìsàn náà kọ lu òṣìṣẹ́ láàbù wọn kan tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ní àmì EBV kankan tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá ti kó o, yóò wà lára rẹ̀ títí ọjọ́ ikú. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí kì í fi ṣe gbogbo wa ló ń di jẹjẹrẹ fún?

Kí a tó dáhùn, ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń ṣe. Sẹ́ẹ̀lì B ni ilé EBV. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun yìí ló ń ṣe áńtíbọ́dì, ìyẹn purotéènì tó ń lẹ̀ mọ́ kòkòrò àrùn. Lára awọ wọn ni àwọn purotéènì míràn wà tí apá kan wọn yọ síta, tí apá kejì wà nínú. Rìsẹ́pítọ̀ ni wọ́n ń pè wọ́n. Bí ohun tó bá rìsẹ́pítọ̀ mu bá so mọ́ apá òde, apá inú á yí padà, iṣẹ́ kan á sì bẹ̀rẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lónìí, orí rìsẹ́pítọ̀ ló dá lé.

Rìsẹ́pítọ̀ tí wọ́n ń pè ní CD21 ni EBV ń dì mú láti wọ inú sẹ́ẹ̀lì B. Tó bá wọlé tán, ó ń gbé àwọn purotéènì tirẹ̀ jáde, èyí tó burú jù nínú wọn sì ni LMP1. Nínú ara tó dá ṣáṣá, sẹ́ẹ̀lì B kì í kàn pọ̀ lásán. Sẹ́ẹ̀lì T, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun míràn tó ń ṣọ́ ara, gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan rìsẹ́pítọ̀ rẹ̀ kan, CD40, kó tó gbà á láyè láti pín. LMP1 ń ṣe bíi CD40 tí wọ́n fọwọ́ tẹ̀ tí wọn kò gbé ọwọ́ kúrò mọ́. Àṣẹ pé kí sẹ́ẹ̀lì máa pọ̀ ń lọ tọ̀sán-tòru.

Bí wọ́n bá da EBV sórí sẹ́ẹ̀lì B nínú àwo láàbù, láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan wọ́n á di ohun tí kì í kú. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí sì mọ ohun kan dáadáa. Bí ẹ̀jẹ̀ náà bá jẹ́ ti ẹni tó ti ní EBV tẹ́lẹ̀, tí wọn kò sì yọ sẹ́ẹ̀lì T kúrò nínú rẹ̀, sẹ́ẹ̀lì B á kọ́kọ́ máa pọ̀, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ gbogbo rẹ̀ á kú dànù. Sẹ́ẹ̀lì T ló pa wọ́n. Nítorí náà ni wọ́n ṣe máa ń da ciclosporin sí àwo náà kí sẹ́ẹ̀lì T lè dákẹ́. Ciclosporin yìí kan náà ni dókítà ń fún ẹni tí wọ́n pààrọ̀ kíndìnrín tàbí mùdùnmúdùn egungun fún, kí ara rẹ̀ má bàa lé ohun tí wọ́n fi sí i dànù. Ẹ rí i nísinsìnyí ìdí tí irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ fi wà nínú ewu lìmfóómà EBV. Bákan náà ni ewu náà ṣe pọ̀ fún ẹni tí kòkòrò HIV ti jẹ sẹ́ẹ̀lì T rẹ̀ run tí kò sì lo oògùn.

Ìdáhùn ìbéèrè wa ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde. Sẹ́ẹ̀lì T ló ń ṣọ́ wa, pẹ̀lú àwọn ìbátan wọn tí à ń pè ní sẹ́ẹ̀lì NK. Lára ọ̀dọ́ tí EBV ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀, nínú 100 sẹ́ẹ̀lì T tó ń pa ọ̀tá, ó lè tó 40 tó jẹ́ pé EBV nìkan ni wọ́n dojú kọ. Ìjà wọn gan-an ló ń fa àárẹ̀ àti kókó ọrùn. Nígbà tí ogun bá rọlẹ̀, sẹ́ẹ̀lì B tí EBV sá pa mọ́ sí kì í ju bíi 1 sí 50 lọ nínú mílíọ̀nù kan, bẹ́ẹ̀ ni yóò sì máa rí fún ọ̀pọ̀ ọdún tí sẹ́ẹ̀lì T kò bá sùn.

Kí ló ń jí wọn, kí ló sì ń jẹ́ kí wọ́n sùn? Ibí ni ọ̀rọ̀ ti dùn.

Fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo sẹ́ẹ̀lì ara ló ń gé díẹ̀díẹ̀ lára purotéènì inú rẹ̀, tó sì ń gbé ègé náà sí ojú awọ kí àwọn ẹ̀ṣọ́ lè yẹ̀ ẹ́ wò. Sẹ́ẹ̀lì T kọ̀ọ̀kan ní rìsẹ́pítọ̀ tirẹ̀ tó bá irú ègé kan mu. Bí ó bá pàdé ègé EBV tó bá tirẹ̀ mu, àmì àkọ́kọ́ ti dé nìyẹn, àmọ́ àmì kan kò tó. Àpótí owó ẹgbẹ́ nílẹ̀ wa máa ń ní àgádágodo méjì, akápò á mú kọ́kọ́rọ́ kan, alága á mú èkejì, kí ẹnì kan ṣoṣo má bàa dá a ṣí. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ti sẹ́ẹ̀lì T pa. Bí àmì àkọ́kọ́ bá dé tí ìkejì kò dé, sẹ́ẹ̀lì T á rẹ̀wẹ̀sì, ó sì lè má jí mọ́. Ìdí pàtàkì wà fún ìkíyèsára yìí: ègé purotéènì tiwa lè jọ ti ọ̀tá. Bí àmì kan bá tó, sẹ́ẹ̀lì T á máa ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, á máa ba oríkèé jẹ́ lára ẹni tó ni ín.

Àwọn rìsẹ́pítọ̀ tó ń gba àmì kejì pọ̀. CD28 ló gbajúmọ̀ jù nínú wọn. Ní ti EBV, méjì míràn ni ọ̀rọ̀ kàn gidi. Àkọ́kọ́ ni CD27, tó wà lára sẹ́ẹ̀lì T kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀. Ohun tó bá a mu ni CD70, sẹ́ẹ̀lì B kì í sì í gbé CD70 síta àfi tí nǹkan bá ta á jí. Èkejì ni 4-1BB, tí wọ́n tún ń pè ní CD137. Èyí kì í sí lára sẹ́ẹ̀lì T tó ń sinmi, ẹ̀yìn tí àmì àkọ́kọ́ bá ti dé ló máa ń yọ jáde, tí yóò wá máa wá ẹnìkejì rẹ̀ lára sẹ́ẹ̀lì B. Bí CD27 tàbí 4-1BB bá rí ẹnìkejì wọn, àṣẹ tí wọ́n ń fún sẹ́ẹ̀lì T ni pé kó má kú, kó bí sí i, kó sì fi ojú ọ̀tá yìí sọ́kàn.

Ẹ kíyè sí bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí. Fáírọ́ọ̀sì tó ta sẹ́ẹ̀lì B jí kí ó lè máa pọ̀, òun kan náà ló mú kí sẹ́ẹ̀lì B gbé CD70 síta. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń pe ẹni tó máa pa á. Èmi kò tíì rí ohun tó wú mi lórí jù báyìí lọ nínú ìmọ̀ nípa ara èèyàn.

Báwo ni a ṣe mọ̀ pé àwọn rìsẹ́pítọ̀ yìí ló ń ṣe iṣẹ́ náà? Àwọn ọmọ tí a bí láìní wọn ló kọ́ wa, ó sì yẹ ká fi ọ̀wọ̀ sọ̀rọ̀ nípa wọn. Lọ́dún 1975, David Purtilo kọ nípa ìdílé kan ní Amẹ́ríkà tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọkùnrin wọn kú nígbà tí ara wọn kò rí EBV borí. Ó tó ọdún 1998 kí wọ́n tó rí jíìnì tó bàjẹ́. Iṣẹ́ jíìnì náà ni láti ṣe purotéènì kékeré kan tí wọ́n ń pè ní SAP, tó ń jókòó sí abẹ́ rìsẹ́pítọ̀ kan tó ń jẹ́ 2B4. Bí SAP bá wà, 2B4 á ta sẹ́ẹ̀lì T àti NK jí. Bí kò bá sí, 2B4 kan náà á máa pàṣẹ pé kí wọ́n dúró. Ẹ̀ṣọ́ á rí ọ̀tá kedere, ọwọ́ rẹ̀ kò sì ní gbé.

Láti bíi ọdún 2012 síwájú ni àwọn míràn ń jáde tẹ̀ léra. Wọ́n rí àwọn ọmọ tí kò ní CD27, lẹ́yìn náà àwọn tí kò ní CD70, àti lọ́dún 2019 àwọn tí kò ní 4-1BB. Bàbá àti ìyá wọn ní jíìnì kan tó dá àti kan tó bàjẹ́, ara wọn kò sì ní nǹkan kan. Ọmọ ló jogún èyí tó bàjẹ́ láti ọ̀dọ̀ àwọn méjèèjì. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ yìí máa ń borí ọ̀pọ̀ àrùn tó ń bá ọmọdé jà, ṣùgbọ́n tí EBV bá wọlé, kókó á máa yọ, ẹ̀jẹ̀ wọn á kún fún fáírọ́ọ̀sì, lìmfóómà á sì tẹ̀ lé e. Ó hàn gbangba pé iṣẹ́ kan wà tí àwọn rìsẹ́pítọ̀ yìí ń ṣe fún EBV tí ohun míràn kò lè bá wọn ṣe.

Iṣẹ́ láàbù tún fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ní Zurich ní ilẹ̀ Switzerland, Christian Münz àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ń lo èkúté tí wọ́n fi sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ èèyàn sí lára, torí EBV kì í wọ ara èkúté lásán. Lọ́dún 2013 wọ́n fi hàn pé bí wọ́n bá mú sẹ́ẹ̀lì NK kúrò, EBV á gbilẹ̀ lára èkúté náà. Nígbà tó yá wọ́n fi áńtíbọ́dì dí CD27 pa, agbára sẹ́ẹ̀lì T láti kápá fáírọ́ọ̀sì náà sì dínkù.

Ó wá ku kí a béèrè pé: tí àìsí àmì kejì bá ń jẹ́ kí jẹjẹrẹ ráyè, ṣé a lè fún sẹ́ẹ̀lì T ní àmì náà, kí jẹjẹrẹ má tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀? Wọ́n ti ṣe é, ó sì ṣiṣẹ́. Ní àwọn ọdún 1990, ní Memphis ní Amẹ́ríkà, Cliona Rooney, Helen Heslop, Malcolm Brenner àti ẹgbẹ́ wọn ń tọ́jú àwọn ọmọ tí wọ́n pààrọ̀ mùdùnmúdùn egungun fún. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó fi mùdùnmúdùn sílẹ̀, wọ́n fi EBV sọ sẹ́ẹ̀lì B rẹ̀ di èyí tí kì í kú nínú àwo, wọ́n fi ìtànṣán pa agbára pípọ̀ wọn, wọ́n wá kó sẹ́ẹ̀lì T ẹni náà pàdé wọn. Sẹ́ẹ̀lì B tí EBV wà nínú rẹ̀ ní gbogbo ohun tí a ti sọ: ègé EBV lójú awọ, CD70, àti ẹnìkejì 4-1BB. Kò sí olùkọ́ tó lè dára ju ìyẹn lọ. Sẹ́ẹ̀lì T jí, wọ́n pọ̀, wọ́n sì fà wọ́n sí ara àwọn ọmọ náà. Lọ́dún 1998 wọ́n gbé èsì jáde: nínú aláìsàn 39 tó gba sẹ́ẹ̀lì T yìí fún ìdènà, kò sí ẹyọ kan tí lìmfóómà EBV mú. Lára irú wọn tí kò gbà á, ó mú nǹkan bíi 11 nínú 100.

Láti ibẹ̀ ni ọ̀nà ti là. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fọwọ́ sí oògùn kan tí wọ́n ń pè ní tabelecleucel, sẹ́ẹ̀lì T tí wọ́n ti kọ́ ní EBV láti ara ẹni tí ara rẹ̀ dá, tí wọ́n sì tọ́jú pa mọ́ de ẹni tó bá nílò rẹ̀. Àwọn tí lìmfóómà EBV ti mú lẹ́yìn pípààrọ̀ ẹ̀yà ara, tí oògùn míràn kò sì ran wọ́n, ló wà fún.

Ẹ̀kọ́ 4-1BB tún wọ ibòmíràn. Àwọn tó ń kan rìsẹ́pítọ̀ àtọwọ́dá fún sẹ́ẹ̀lì T kí ó lè máa lé jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀, iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní CAR-T, rí i ní ìbẹ̀rẹ̀ pé bí àmì àkọ́kọ́ nìkan bá wà nínú ohun tí àwọn kàn, sẹ́ẹ̀lì T kì í pẹ́ rẹ̀wẹ̀sì. Wọ́n wá gé apá inú 4-1BB, wọ́n rán an mọ́ ọn. Oògùn CAR-T àkọ́kọ́ tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí, lóṣù Kẹjọ ọdún 2017, ní ègé 4-1BB yìí nínú.

Ẹnìkan á ní, kí ló dé tí a kò kàn ṣe abẹ́rẹ́ tó máa tẹ CD27 tàbí 4-1BB fúnra rẹ̀, kí a má fi sẹ́ẹ̀lì kankan dá ara wa láàmú? Wọ́n ti ṣe irú rẹ̀. Áńtíbọ́dì wà tó lè so mọ́ rìsẹ́pítọ̀ kan kó sì tẹ̀ ẹ́ bí ẹni pé ẹnìkejì rẹ̀ ló dé. Èyí tí wọ́n ṣe fún CD27 ni varlilumab. Èyí tí wọ́n ṣe fún 4-1BB ni urelumab, ó sì ba ẹ̀dọ̀ àwọn aláìsàn jẹ́ nígbà tí òṣùwọ̀n rẹ̀ pọ̀, ẹni 2 kú, wọ́n sì dá ìdánwò náà dúró kí wọ́n tó tún bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òṣùwọ̀n kékeré. Èyí tó burú jù nínú ìtàn náà ṣẹlẹ̀ ní London ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹta ọdún 2006. Wọ́n fún ọkùnrin 6 tí ara wọn dá ṣáṣá ní áńtíbọ́dì kan, TGN1412, tó ń tẹ CD28 láìdúró de àmì àkọ́kọ́. Òṣùwọ̀n rẹ̀ kéré gan-an. Kò tó wákàtí méjì, gbogbo wọn ti ń gbọ̀n, ara wọn ń wú, ẹ̀yà inú wọn ń dáṣẹ́ sílẹ̀, nítorí sẹ́ẹ̀lì T gbogbo ara jí lẹ́ẹ̀kan náà, wọn kò sì ní ọ̀tá tí wọ́n ń wò. Wọ́n yè, lẹ́yìn ìtọ́jú tó le.

Ohun tí mo gbà pé ọ̀rọ̀ yìí kọ́ wa ni pé àmì kejì kò gbọ́dọ̀ ṣáájú àkọ́kọ́, kò sì gbọ́dọ̀ dé ibi tí àkọ́kọ́ kò sí. Ohun tó jẹ́ kí iṣẹ́ Memphis kẹ́sẹ járí ni pé àmì méjèèjì jọ dé lára sẹ́ẹ̀lì kan náà, fún EBV nìkan. Nítorí náà, ẹ má dá àwọn tó ń ta àgúnmu tàbí oògùn inú ike lóhùn tí wọ́n bá ní tiwọn ń ta gbogbo agbára ìdènà àrùn jí. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, ewu ńlá ni ì bá jẹ́. Bí kò bá sì rí bẹ́ẹ̀, owó ni wọ́n ń gbà.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ọmọ tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú, torí jẹjẹrẹ Burkitt ní ọgbọ́n àrékérekè tí lìmfóómà tó ń tẹ̀ lé pípààrọ̀ ẹ̀yà ara kò ní. Nínú kókó Burkitt, EBV ti paná fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo purotéènì rẹ̀. EBNA1 nìkan ló sábà máa ń kù, ọ̀nà tí wọ́n sì gbà hun EBNA1 ń jẹ́ kó ṣòro láti gé e sí ègé tí sẹ́ẹ̀lì T á rí. LMP1 kò sí níbẹ̀ mọ́, kò sì nílò rẹ̀, torí jàǹbá míràn ti ṣẹlẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì náà: kirómósóòmù 8 àti 14, ìyẹn méjì lára okùn tí jíìnì wà lórí wọn, já, wọ́n sì lẹ̀ pọ̀ lódìlódì, débi pé jíìnì MYC tó ń pàṣẹ pípín bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ jíìnì áńtíbọ́dì, èyí tí iná rẹ̀ kì í kú nínú sẹ́ẹ̀lì B. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá dé ibẹ̀, ẹ báà jí sẹ́ẹ̀lì T tó bó ṣe wù kó tó, ohun tó máa rí kò tó nǹkan. Ìyẹn ni pé ní ti Burkitt, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pẹ́ jù fún títa jí. Kí ó tó bẹ̀rẹ̀ ni iṣẹ́ wà.

Kí ló ń mú kí sẹ́ẹ̀lì T ọmọ wa sùn kó tó bẹ̀rẹ̀? Àìsàn ibà ni, ìyẹn èyí tí ẹ̀fọn ń gbé kiri. Lọ́dún 1984, ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Gambia fi hàn pé nígbà tí ibà bá wà lára èèyàn, sẹ́ẹ̀lì T rẹ̀ kì í lè kápá sẹ́ẹ̀lì B tí EBV wà nínú rẹ̀. Ní ìwọ̀ oòrùn Kenya, Ann Moormann, Rosemary Rochford àti àwọn ará Kenya tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ fi àwọn ọmọ Kisumu, níbi tí ibà kì í ti í dáwọ́ dúró láàárín ọdún, wé àwọn ọmọ Nandi tí ilẹ̀ wọn ga tí ibà kò sì pọ̀. EBV tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ Kisumu pọ̀ ju ti àwọn ọmọ Nandi lọ, sẹ́ẹ̀lì T wọn tó yẹ kó dojú kọ EBV sì ti rọ, pàápàá láàárín ọmọ ọdún 5 sí 9. Ọjọ́ orí yìí gan-an ni Burkitt ti ń mú ọmọ jù.

Iṣẹ́ ibi tí ibà ń ṣe kò mọ síbẹ̀. Ó ń ru sẹ́ẹ̀lì B sókè lọ́pọ̀ yanturu, ó sì ń mú kí purotéènì kan tó ń jẹ́ AID, tí iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gé DNA kí áńtíbọ́dì lè yí padà, máa ṣiṣẹ́ léraléra. Ibi tí wọ́n bá ti ń gé DNA léraléra, ọjọ́ kan ni gígé náà á ṣì, tí kirómósóòmù 8 á lẹ̀ mọ́ 14. EBV wá ń gba sẹ́ẹ̀lì tí jàǹbá yìí ṣẹlẹ̀ sí lọ́wọ́ ikú. Òye tí Burkitt ní nípa ooru àti òjò, ibí ló ti wá ní ìtumọ̀ kíkún.

Tí wọ́n bá bi mí pé kí ni títa sẹ́ẹ̀lì ara jí lè ṣe fún ọmọ Ọ̀yọ́ tàbí ọmọ Pọ́tòǹnófò lónìí, ìdáhùn mi ni pé ohun tó súnmọ́ wa jù ni kí a dá ibà dúró kí ó má bàa pa sẹ́ẹ̀lì T rẹ̀ lẹ́nu mọ́. Sẹ́ẹ̀lì T tó wà lára ọmọ náà ní CD27, ó ní 4-1BB, kò sí ohun tó ṣe jíìnì rẹ̀. Nẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi oògùn rẹ̀, oògùn ibà tó tètè wọlé, àti abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà R21, tí NAFDAC fọwọ́ sí ní Nàìjíríà lọ́dún 2023 tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fún ọmọ ní Kebbi àti Bayelsa ní ìparí ọdún 2024, ń dín iye ìgbà tí ibà ń ṣe ọmọ kù. Ó yẹ kí abẹ́rẹ́ yìí dé gbogbo ìpínlẹ̀. Abẹ́rẹ́ àjẹsára EBV fúnra rẹ̀ kò tíì sí lọ́jà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ń dán oríṣiríṣi wò. Èyí tí wọ́n dán wò ní Belgium, tí èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2007, dín àìsàn ọ̀fun àti kókó ọrùn kù ní 78 nínú 100, ṣùgbọ́n kò dí fáírọ́ọ̀sì náà lọ́nà.

Ẹ jẹ́ kí àwọn òbí gbọ́ èyí pẹ̀lú. Burkitt kì í ṣe ìdájọ́ ikú. Ní Ìbàdàn kan náà ni V. Anomah Ngu, oníṣẹ́ abẹ ọmọ Cameroon tó ń kọ́ni ní Yunifásítì, ti fi oògùn wo àwọn ọmọ tó ní i ní àwọn ọdún 1960, iṣẹ́ tó mú kí wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Lasker ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1972. Oògùn bíi cyclophosphamide lè yọ́ kókó ńlá láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ohun tó ń pa ọmọ ni ìdádúró, nítorí kókó yìí lè di ìlọ́po méjì láàárín wákàtí 24 sí 48, kò sì sí jẹjẹrẹ míràn lára èèyàn tó yára tó o. Bí ẹ bá rí ọmọ tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń wú, tí eyín rẹ̀ ń mì láìtó àkókò, tí ojú kan ń yọ síta, tàbí tí ikùn rẹ̀ ń ga láàárín ọjọ́ díẹ̀, ẹ má fi ọ̀sẹ̀ kankan ṣòfò lórí oògùn eyín tàbí àgbo. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn olùkọ́ni tó súnmọ́ yín jù, kí ẹ sì sọ pé ẹ fẹ́ kí wọ́n yẹ kókó náà wò bóyá Burkitt ni.